Ìrànwọ́ TAA ti Amẹ́ríkà: ó ṣe ni lóore, àmọ́ kì í dúró de ẹni

Nínú ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Trade Adjustment Assistance, ìyẹn TAA, ló jinlẹ̀ jù lójú tiwa. Òfin ọdún 1962 ló bí i, nítorí àwọn tí ọjà ilẹ̀ òkèèrè gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Láti oṣù Keje 2022 ni wọn ò ti fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ tuntun mọ́, nítorí náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ó tó dópin la ń sọ níbí.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni ọkàn rẹ̀. Ìjọba ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ìwé àti irinṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà bá béèrè. Nígbà tí owó àìríṣẹ́ṣe ti ìpínlẹ̀ bá tán, owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TRA á bọ́ sípò rẹ̀. Lábẹ́ òfin tí wọ́n fi tún ètò náà ṣe ní 2015, àpapọ̀ méjèèjì lè tó 130 ọ̀sẹ̀, ìdí sì nìyí tí bàbá ọlọ́mọ fi lè jókòó ní kíláàsì láìjẹ gbèsè ilé. Ẹni tó ti pé 50 ọdún, tó rí iṣẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́, lè gba ìdajì ohun tó dín, títí dé 10,000 dọ́là láàárín ọdún méjì.

Ibi tó ti ń já mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni pé ìlẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Títí di ìgbà tí ètò náà fi dópin, àwọn òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí Ilé Iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ á rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Olúkúlùkù ṣì máa kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, kó sì wọ ẹ̀kọ́ láàárín 26 ọ̀sẹ̀ tó bá fẹ́ gba TRA, bí òfin 2015 ṣe wí. Bí wọ́n bá dá yín dúró ní oṣù Kẹta, tí ìfọwọ́sí dé ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án lẹ ó ti máa kà, torí èyí tó gbẹ̀yìn lòfin ń tẹ̀ lé. Bí ara ò bá yá, tàbí tí kíláàsì ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ pé ẹ ò ní tíì wọ ẹ̀kọ́, kí gbèdéke tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé kan lásán kò tó.

Èyí tó dùn wá jù ni pé láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2022 ni àṣẹ ètò náà ti dópin, tí wọn ò sì lè fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ tuntun mọ́. Àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí tiwọn ṣáájú ò pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti lẹ́yìn ìgbà náà, American Job Center, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́, ló kù fún un: ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, TRA ni kò sí.