Maikirosikóòpù Olympus CX23 fún yàrá àyẹ̀wò: ibi tó ti dára, ibi tí kò dé

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lẹ ń yẹ̀ wò, bí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké ní Kubwa àti Gwagwalada, CX23 tó yín. Lẹ́ǹsì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: 4x, 10x, 40x àti 100x olóròóró. Lẹ́ǹsì ojú jẹ́ 10x, torí náà 100x á sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 1,000. Iná LED rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í jẹ iná púpọ̀: inverter kékeré lè gbé e nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Maikirosikóòpù tó ń fi dígí gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò nílò iná, àmọ́ bí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, 100x á ṣókùnkùn.

Ibi 100x gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Àlàfo àárín òun àti sílàìdì (dígí pẹlẹbẹ tí ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀) kò ju nǹkan bíi 0.13 mm lọ. Ẹ fi 10x wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti tẹ́ dáadáa, ẹ yí lẹ́ǹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kán òróró ẹ̀kán kan, kí ẹ wá yí 100x wọlé. Ẹ gbé condenser (lẹ́ǹsì abẹ́ sílàìdì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ) sókè pátápátá, ẹ ṣí iris rẹ̀, ihò tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀jù, bọ́tìnì iná ni kí ẹ yí. Ẹ má sọ condenser kalẹ̀, torí ìdọ̀tí aró Giemsa tí wọ́n fi ń pa ẹ̀jẹ̀ láró á máa dán bíi kòkòrò ibà.

Ẹ má ṣe yí padà sí 40x nígbà tí òróró ṣì wà lórí sílàìdì. Á wọ inú òróró, ohun gbogbo á sì rí bí ẹni ń wo inú èéfín. Ọ̀pọ̀ 40x tí wọ́n ní ó ti kú, òróró ló wà lẹ́nu rẹ̀. Lens paper (bébà ìnu lẹ́ǹsì) ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má rẹ lẹ́ǹsì sínú kẹ́míkà xylene, ó máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó lẹ dígí inú rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku dànù kí ẹ tó nù ún, torí iyanrìn máa ń ha dígí.

Fún ikọ́ ife, maikirosikóòpù fluorescence, tó ń mú kí aró tàn, yá ju CX23 lọ: kòkòrò tí aró auramine mú á tàn nínú òkùnkùn, 20x tàbí 40x sì tó láti wá a. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín lójúmọ́, ó tọ́ kí ẹ rà á. Maikirosikóòpù stereo wà fún wíwo odidi ẹ̀fọn, kò wúlò fún ẹ̀jẹ̀. Maikirosikóòpù electron ń rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n inú òfìfo tí kò sí afẹ́fẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kékeré.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ tú lẹ́ǹsì 40x, ẹ yọ lẹ́ǹsì ojú, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ fi wo ẹnu 40x náà. Bí ẹ bá rí fọ́nrán tín-ín-tín bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ó ti bu. Ẹ má sanwó.