New X-Men àbí Astonishing X-Men: Èwo Ló Tó Owó Yín?

Méjì ni àwọn tó mọ ìwé aláwòrán Marvel dunjú máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra X-Men, ìtàn àwọn mutant (àwọn ènìyàn tí wọ́n bí pẹ̀lú agbára àràmàǹdà): New X-Men tí Grant Morrison kọ láti 2001 dé 2004, àti Astonishing X-Men ti Joss Whedon àti John Cassaday, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 tó sì parí ní 2008. Ti Morrison ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ṣé wọn ò ti yìn ín jù báyìí?

Ní ti èrò orí, Morrison ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Kò tíì pẹ́ rárá tó gba iṣẹ́ náà tí mutant mílíọ̀nù 16 fi ṣègbé ní Genosha, erékùṣù àwọn mutant, tí ilé ẹ̀kọ́ Xavier, olùdásílẹ̀ X-Men, sì wá di ilé ẹ̀kọ́ gidi tí àwọn ọmọ kún inú rẹ̀. Whedon kò jìnnà sí ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: oògùn tó ń wo mutant sàn, àti Colossus, ọ̀kan nínú X-Men tó ti kú, tó padà dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀ ló dùn, ó ń pani lẹ́rìn-ín.

Àwòrán ni owó ti ń ṣòfò. Orúkọ ayàwòrán Frank Quitely ni wọ́n fi ń polówó New X-Men, ṣùgbọ́n nínú nọ́ńbà (ẹyọ ìwé tó ń jáde tẹ̀ léra) 41 (114 dé 154), 10 péré ló yà: 114–116, 121–122, 126 àti 135–138. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá, ìwé sì gbọ́dọ̀ jáde, ni wọ́n bá ń pe àwọn ẹlòmíì. Ẹ wo apá ìtàn tí wọ́n pè ní Imperial (118–126). Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Ethan Van Sciver, ó bọ́ sọ́wọ́ Igor Kordey, Quitely gba méjì, ó tún padà sọ́dọ̀ Van Sciver àti Kordey, kí Quitely tó wá parí rẹ̀. Kordey mọ iṣẹ́ o. Àkókò ni wọn ò fún un. Ẹ fi 121, tí ọ̀rọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀, síbi kan, kí ẹ fi 124 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ojú kan náà kọ́ lẹ máa rí fún Emma Frost, ọ̀kan nínú X-Men. Ìyìn nọ́ńbà mẹ́wàá ni wọ́n ń pín fún mọ́kànlélógójì.

Nítorí náà, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó, ẹ má wo orúkọ tó wà lára èèpo. Nínú Ultimate Collection (ìwé tó kó nọ́ńbà púpọ̀ pọ̀) mẹ́ta ti Morrison, ìkíní (114–126) ló ní Annual 2001, àkànṣe ìwé ọdún náà. Ìbú ni wọ́n tẹ àwọn ojú ewé Annual yẹn sí, ẹ ó dá ìwé náà dùbúlẹ̀ kí ẹ tó lè kà á. Omnibus, ìwé ńlá kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wúwo fún irú eré bẹ́ẹ̀. Lórí tábílẹ́ẹ̀tì, kò sí wàhálà.

Cassaday ló ya gbogbo 24 ti Astonishing, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń rà á nígbà náà dúró títí kí nọ́ńbà tó kàn tó jáde; ẹ̀yin ò ní dúró. Ìjà Breakworld, ayé mìíràn tí wọ́n lọ, gùn jù díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ìtàn náà kò parí ní 24, inú Giant-Size Astonishing X-Men ló parí sí. Ẹni tó bá ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń gbàgbé rẹ̀. Nínú Ultimate Collection kejì (13–24), ó wà níbẹ̀.

Whedon kọ́lé lórí ìpìlẹ̀ Morrison. Bí ẹ kò bá mọ Cassandra Nova, ọ̀tá tó ti inú ìwé Morrison wá, Astonishing 13–18 yóò rú yín lójú. Ní ti àṣírí inú nọ́ńbà 146 New X-Men, Marvel yí i padà láìpẹ́, ẹ má retí pé yóò bá yín dé inú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ràn èrò tuntun tí àwòrán játijàti kò sì dùn ún, kó ra Morrison pátá. Kò ní kábàámọ̀ púpọ̀. Fún àwọn yòókù, nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ àtijọ́, ẹ ra E is for Extinction, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Morrison, àti Riot at Xavier's (134–138), kí ẹ wá fi owó tó ṣẹ́kù ra Ultimate Collection Astonishing méjèèjì.