Àwọn nǹkan tá a rà de ìjì òkun ní hòtẹ́ẹ̀lì wa: èyí tó tó owó ẹ̀ àti èyí tí kò tó o

Ẹ jẹ́ n ti ibi tí mo ń lọ bẹ̀rẹ̀, kó má bàa sú yín kẹ́ ẹ tó kà á débẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì, tàbí ẹ̀ ń bá wọn ṣe méńténáǹsì níbi tí ìjì òkun ti máa ń jà, ẹ má bi ẹni tó ń tajà pé báwo lọjà ẹ̀ ṣe lágbára tó, gbogbo wọn ló máa ní ó lágbára. Ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló máa gbé e sójú ẹ̀, wákàtí mélòó ló sì máa gbà wọ́n. Torí lọ́jọ́ tí ìjì bá ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yín náà nílé, wọ́n bímọ, wọ́n fẹ́ kó ẹrù sínú mọ́tò kí wọ́n máa lọ sí San Antonio tàbí Dallas, ẹni tó máa ṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín ò ní pọ̀ rárá. Ojú yẹn ni mo fi wo gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Galveston ni mo ń sọ o, erékùṣù tó wà lẹ́bàá Houston ní Texas, òkun Gulf níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Ìlú yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ìjì. Ti ọdún 1900 pa èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 8,000, òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ ògiri òkun tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17, èyí tí hòtẹ́ẹ̀lì wa kọjú sí báyìí. Torí ògiri yẹn làwọn kan ṣe máa ń sọ pé kò séwu, wọ́n ti gbàgbé pé nígbà tí ìjì Ike dé ní September 2008, ẹ̀yìn, láti inú ọ̀sà, lomi gbà ya wọ ìlú. Àwọn míì ní tí kò bá ti tó kátígọ́rì kẹta (nọ́ńbà kìíní sí ìkarùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ìjì), àwọn ò ní dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bi wọ́n léèrè ìjì Beryl, July 8, 2024, kátígọ́rì kìíní péré, nǹkan bíi máìlì 80 ní wákàtí kan ni atẹ́gùn ẹ̀ ń sá nígbà tó gúnlẹ̀, síbẹ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù méjì lọ niná lọ fún ní agbègbè Houston, àwọn míì ò sì rí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ooru tó ń bó èèyàn lára. July o! Sáà ìjì ń bẹ̀rẹ̀ ní June 1, ó ń parí ní November 30, àmọ́ torí pé September ni ìjì máa ń pọ̀ jù, àwọn èèyàn á ní àsìkò ṣì wà.

Ó yá, wíńdò. Páànù ni mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo débi iṣẹ́ yìí, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé ní ìwọ̀n wíńdò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ bóòtù tó wà lára ògiri, wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì dè é. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó lágbára, tí pákó bá fò lù ú ó kàn máa tẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé e rí á sọ fún yín pé etí ẹ̀ ń géni lọ́wọ́, èèyàn méjì ló ń gbé ọ̀kan, ẹnì kẹta ló ń di àkàbà mú, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ ti pa rẹ́, ẹni tó kó o pamọ́ lọ́dún tó kọjá ti dà á rú, iyọ̀ òkun ti jẹ bóòtù débi pé nọ́ọ̀tì ò wọ̀ ọ́ mọ́, tí atẹ́gùn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ díẹ̀ báyìí, páànù yẹn á fẹ́ gbé ìwọ àti àkàbà lọ sí Louisiana. Tẹ́ ẹ bá sì dè é tán, yàrá ti ṣókùnkùn, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ò lè gba ojú wíńdò jáde tí iná bá sọ, torí náà ẹ ò gbọ́dọ̀ fi dí yàrá tẹ́nì kan fẹ́ sùn sí. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ó dáa. Fún hòtẹ́ẹ̀lì tó ní àjà mẹ́ta, ìyà ni.

Ohun tá a fi rọ́pò ẹ̀ ní apá tó kọjú sókun ni ṣọ́tà tí wọ́n ń pè ní akọ́díọ̀nù. Ẹ rántí géètì onírin tí wọ́n máa ń fà pa níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, bó ṣe rí nìyẹn, àmọ́ alumíníọ̀mù ni, kò sì ní ojú tí ọwọ́ lè gbà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò ló máa ń ká jọ sí látọdún dọ́dún, kò sí pé à ń gbé nǹkan jáde láti stóò, ẹnì kan á dúró sórí bálíkónì, á fà á pa, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó parí. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní risẹ́pṣọ̀n wa, tí kò di sípánà mú rí láyé ẹ̀, fa ti àjà kejì pa láìpe ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Àléébù ẹ̀ wà o: kò dùn ún wò, ọ̀gá wa ń kùn pé ó ba fọ́tò hòtẹ́ẹ̀lì òun jẹ́, owó ẹ̀ sì ga. Èyí tó tún burú ni iyanrìn àti iyọ̀ tó máa ń wọnú ojú irin tó ń sá lé lórí. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láìfọ̀ títí dìgbà tí ìjì bá dé, kò ní sún. Omi tí kò níyọ̀ lẹ máa fi fọ̀ ọ́, ẹ wá fín sílíkónì sí i, ẹ má fi gíríìsì kàn án rárá, torí gíríìsì máa ń di iyanrìn mú, ọ̀rọ̀ á tún wá burú jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìdánwò Miami-Dade, ìyẹn agbègbè ìlú Miami ní Florida, hàn yín. Lẹ́yìn tí ìjì Andrew ba gúúsù Florida jẹ́ ní 1992 ni wọ́n ṣòfin tó le níbẹ̀: wọ́n á ki igi two-by-four, irú pákó tí wọ́n fi ń kọ́lé, tó wúwo tó pọ́n-ùn mẹ́sàn-án sínú ẹ̀rọ, wọ́n á yìn ín lu ṣọ́tà ní eré ẹsẹ̀ bàtà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí igi bá wọlé, ọjà yẹn ti kùnà. Texas kọ́ ni Miami, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà ẹ̀ bá yege níbẹ̀ ní nǹkan tó lè fi hàn, ẹni tí kò bá ní ìwé, ẹnu lásán ló fi ń tajà fún yín.

Fún gíláàsì ńlá tó wà ní lọ́bì, aṣọ la rà, aṣọ líle tí wọ́n hun tí wọ́n sì fi rọ́bà bò, ó ní ojú ihò onírin létí tí bóòtù ń gbà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó fúyẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á wọlé, ẹ lè ká a sínú àpò kan. Ohun kan ṣoṣo ni pé tí atẹ́gùn bá tì í, ó máa ń wọnú, torí náà àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti gíláàsì. Ẹni tó wá bá wa fi í sí, tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, fẹ́ fi í mọ́ gíláàsì pẹ́kípẹ́kí kó lè yá, a ní kó tú u kó tún un ṣe, ó bínú, àmọ́ ó tú u. Ẹ dúró tì wọ́n tí wọ́n bá ń ṣe é. Plywood? Ó wúlò nílé, èyí tó nípọn tó 5/8 íǹṣì, ṣùgbọ́n ní hòtẹ́ẹ̀lì, orí àkàbà ni ìjì máa bá yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi téèpù ya X sára gíláàsì, ẹ dákun, ẹ tọ́jú téèpù yín, kò dáàbò bo nǹkan kan, ńṣe ló máa ń jẹ́ kí gíláàsì fọ́ ní ègé ńláńlá.

Àpò tí kò ní iyanrìn, ìyẹn èyí tí wọ́n ń polówó pé ẹ kàn fi sínú omi ó sì máa wú. Owó tó ṣòfò jù nìyí ní tiwa. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni irú èyí tó ń fa ìtọ̀ nínú pámpásì ọmọdé, tó bá mu omi tí kò níyọ̀ ó máa ń wú dáadáa, ó dùn ún wò gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ń yà á ní fídíò. Àmọ́ omi òkun ló ń bọ̀ wá bá wa, iyọ̀ wà nínú ẹ̀, iyọ̀ ò sì jẹ́ kó wú bó ṣe yẹ, kódà èyí tẹ́ ẹ ti fi omi ẹ̀rọ wú sílẹ̀, tómi iyọ̀ bá ti kàn án, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi tó mu sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí o, lẹ́tà wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹni tó wà ní ìgbèríko tó jẹ́ àgbàrá òjò nìkan ló ń bá a jà lè rà á. Lójú tiwa, pákó alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tì bọ inú irin lẹ́nu ọ̀nà, tí rọ́bà wà lábẹ́ ẹ̀, ló ṣiṣẹ́, ọkùnrin kan lè to ọ̀kan tán kí tíì ẹ̀ tó tutù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti kan irin yẹn mọ́ ògiri ṣáájú. Ẹ má sì gbàgbé ihò omi ìdọ̀tí ilẹ̀ o, ẹnu ọ̀nà tì, omi gba ṣáláńgá wọlé, kí la rí ṣe.

Jẹnẹrétọ̀ ló wá bí mi nínú. Iléeṣẹ́ kan tó ń fi í háyà gbowó lọ́wọ́ wa kí Beryl tó dé, pé àwọn ti fi ọ̀kan pamọ́ fún wa. Ìjì kọjá, a pè wọ́n, wọ́n ní ọsibítù ló kọ́kọ́ kàn. Ọsibítù, mo gbà, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà sí ìyẹn. Àmọ́ ká má sọ fún mi kẹ́ ẹ tó gbowó? Mo tún ìwé àdéhùn kà, ohun tí wọ́n kọ ò ju pé wọ́n á gbìyànjú. Nígbà tí wọ́n wá gbé e dé, kò síbi tá a fẹ́ ki wáyà ẹ̀ bọ̀, a tún ń wá oníná tó máa tú páńẹ́ẹ̀lì nígbà tí gbogbo oníná Galveston ti lọ síṣẹ́. Ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún, torí pé awakọ̀ wọn níwà.

Báyìí a ti ní tiwa tó ń lo dísù, kò tóbi, ó ń gbé lífítì kan, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, fíríìjì kíṣìnì, ẹ̀rọ omi àti kọ̀ǹpútà risẹ́pṣọ̀n, kò gbé AC yàrá. A tún ní àpótí iná kan síta tí jẹnẹrétọ̀ háyà lè ki wáyà bọ̀ kíákíá. Lóṣooṣù à ń tan tiwa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹrù wà lórí ẹ̀ o, kì í ṣe kó kàn máa bú lásán. Dísù tó bá pẹ́ jù nínú tánkì náà máa ń bàjẹ́, omi máa ń wọ̀ ọ́, kòkòrò sì máa ń hù nínú ẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà rò pé a ti mọ jẹnẹrétọ̀ tán torí pé I-better-pass-my-neighbour la fi kàwé, àmọ́ mo ti rí àlejò tó fẹ́ gbé kékeré sórí bálíkónì, ará wa ni pàápàá, mo ní bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èéfín yìí ló ń pa èèyàn ní Texas lẹ́yìn ìjì. Tẹ́ ẹ bá sì níná nígbà táwọn tó kù ò ní, yàrá yín á kún fún àwọn òṣìṣẹ́ iná tó wá láti ìpínlẹ̀ míì, ẹ má torí ẹ̀ fowó lé yàrá ní ìlọ́po o, òfin Texas ò fàyè gba ìyẹn nígbà àjálù.

Èyí tí kò náwó ni mo máa fi sáré kún un: AC tó wà lórí òrùlé, ẹ dè é mọ́lẹ̀, ẹ kó ewé kúrò lójú ihò omi òrùlé, tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà níbẹ̀ ẹ bi ẹni tó mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ kó o, torí nígbà ìjì Alicia ní 1983, òkúta orí òrùlé ló fọ́ ọ̀pọ̀ gíláàsì láàárín ìlú Houston. Ẹ kó àga pool wọlé, ẹ má fa omi pool gbẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ lè tì í sókè. Ẹ gbé lífítì sí àjà òkè kẹ́ ẹ tó pa á. Ẹ tẹ orúkọ àlejò àti nọ́ńbà yàrá wọn sórí bébà, torí kọ̀ǹpútà máa kú, kọ́kọ́rọ́ káàdì ní tiẹ̀ bátìrì ló ń lò, ìyẹn ò ní kú.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, èyí tó wà fún omíyalé látọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti atẹ́gùn látọ̀dọ̀ TWIA, ẹgbẹ́ tó ń ta ìnṣọ́ránsì atẹ́gùn ní etíkun Texas, sì rèé, tí ìjì bá ti wọ Gulf wọn ò ní ta tuntun fún yín. Torí náà January tàbí February ni kẹ́ ẹ pe àwọn tó ń ṣe ṣọ́tà, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbé fóònù. Ẹ bi wọ́n léèrè ìwé WPI-8 tí wọ́n máa ń fúnni lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ irú iṣẹ́ yìí wò, tí ẹni náà bá ní òun ò gbọ́ ọ rí, ẹ kí i, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.