Dírónù tí kì í kúrò lórí tábìlì: ojú tí mo fi rí ArduPilot SITL

Ọdún méjì rèé tí mo ti ń fi ArduPilot SITL, ètò tó ń ṣe àfarawé dírónù lórí kọ̀ǹpútà, kọ́ àwọn ọmọ 400 level bí dírónù ṣe ń darí ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù tó ń gbé dírónù gidi fò náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Atẹ́gùn, GPS àti bátìrì ni ayédèrú. Dírónù kan ṣoṣo la ní fún àwọn ọmọ tó lé ní ogójì, bẹ́ẹ̀ kí èèyàn tó gbé e fò ní Nàìjíríà, àfi kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Sẹ̀mẹ́sítà ti lè parí kí ìwé tó jáde.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, máàpù Canberra ní Ọsirélíà ló ṣí. Ibẹ̀ ló máa ń mú gẹ́gẹ́ bí ilé téèyàn ò bá júwe ibòmíì fún un. A tẹ nọ́ńbà tó ń júwe ibi tí a wà lórí máàpù, 7.44 àti 3.90, la bá bá ara wa n'Íbàdàn.

Ọmọ kan tẹ "arm throttle", abẹ́bẹ̀ ń yí. Níbi tó ti ń wá lẹ́tà tí yóò fi kọ "takeoff 10", abẹ́bẹ̀ dúró. "Sà, ó ti kú o!" Kò kú. DISARM_DELAY ni, ọ̀kan lára àwọn ètò (parameter) tí dírónù ń tẹ̀lé: bí dírónù ò bá gbéra láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, yóò pa ara rẹ̀. Mi ò sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n lọ wá a nínú àwọn ètò tó lé ní 1,000. Ó tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

RTL, ìyẹn àṣẹ "padà sílé", ló tún dùn ún kọ́. A rán an jìnnà ní mítà 10 sókè. Ó kọ́kọ́ gòkè dé mítà 15 kó tó kọjú sílé. Mo bi wọ́n pé ọ̀pẹ ẹ̀yìn kíláàsì wa ńkọ́? Kẹ́kẹ́ pa.

Fífi í sórí kọ̀ǹpútà ló ni mí lára. Ní ọ̀nà tí a gbà, ẹni tó ń lo Windows ní láti kọ́kọ́ fi WSL, tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows, sí i, ó sì ń jẹ dátà bí iná. Mo ti náwó tán kí n tó rántí pé mo lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sínú VirtualBox, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé nínú kọ̀ǹpútà, kí n fi fláàṣì pín in.

Kò sì kọ́ ọwọ́ níṣẹ́. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù lórí kọ̀ǹpútà ló de abẹ́bẹ̀ dírónù gidi lódìlódì. Bó ṣe fẹ́ gbéra báyìí, ó dojú dé. Ní sẹ̀mẹ́sítà yìí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, yóò tú abẹ́bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì dè wọ́n padà níṣojú mi.