Páàdì aláṣọ tí wọ́n ń rán ní Mọ́kọ́lá: ó dára, àmọ́ ẹ wo ti omi

Ọ̀dọ̀ ìyá télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti ra páàdì nǹkan oṣù tí a ń fọ̀ tún lò yìí fún ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2. Mẹ́rin ló wà nínú páálí, pẹ̀lú àpò ọ̀rá kékeré tí ọmọ lè kó èyí tó ti lò sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá yìí mọ́. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń kan ara, aṣọ ìnura ló wà nínú, ọ̀rá tó rán sí ìdí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yọ sí yunifọ́ọ̀mù. Bọ́tìnì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ pátá, ọmọ mi sì ń fi í sáré láìyẹ̀. Kì í bó o nítan nígbà ooru bíi ti oníke tí à ń rà tẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti páàdì lásán lọ, àmọ́ a ti ń lò ó bọ̀ láti ọdún tó kọjá, kò tíì ṣá.

Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ aṣọ. Ẹ sá a sóòrùn, ẹ má fi aṣọ mìíràn bò ó nítorí ojú ayé. (Bàbá ọmọ ló kọ́kọ́ sá a sórí okùn nílé wa, inú mi dùn sí i gan-an.) Nígbà òjò, kì í tètè gbẹ, ìyẹn ni àléébù rẹ̀.

Iléèwé ni ìṣòro wà. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀ kò ní ìkọ́, ẹ̀rọ omi wọn kò yọ. Níbo ni ọmọ fẹ́ ti pààrọ̀? Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan máa ń jókòó sílé tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé. Inú ń bí mi sí i, torí ẹ̀tọ́ ọmọ yẹn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Láti 2017 ni òfin ti wà ní Kẹ́ńyà pé kí ìjọba fún ọmọbìnrin tó bá ti bàlágà níléèwé ìjọba ní páàdì lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì ṣètò ibi tí wọn yóò máa dà á nù sí. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n yọ VAT (owó orí ọjà) kúrò lórí páàdì tí a ṣe ní Nàìjíríà. Ó dára, kò tó.

Èmi yóò tún rà á fún lílò nílé àti lálẹ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ rà á ta iléèwé lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá omi wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ra èyí tí wọ́n ń lò jù nù, ẹ fi garawa onídèérí àti ìkọ́ ilẹ̀kùn kún un.