Dátà LHCb tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí CERN Open Data: ohun tí èmi àtàwọn ọmọ SS3 mi fojú ara wa rí

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá ti dé orí ọ̀rọ̀ mátà àti àǹtímátà (ìkejì mátà tí charge rẹ̀ jẹ́ òdìkejì), ẹnu lásán ni mo máa ń fi sọ ọ́, torí kò sí ohun tí mo lè gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ láti yẹ̀ wò. Táàmù tó kọjá ni ìyẹn yí padà. Iṣẹ́ kan wà lórí CERN Open Data, ìkànnì tí CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ń kó dátà sí: àwọn LHCb (ẹgbẹ́ olùṣèwádìí kan níbẹ̀, orúkọ yìí náà ni ẹ̀rọ wọn ń jẹ́) gbé ojúlówó dátà tí ẹ̀rọ wọn gbà ní 2011 síta, wọ́n sì fi Jupyter notebook (ìwé iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí àlàyé àti kóòdù jọ wà nínú rẹ̀) tì í, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ka àwọn B mẹ́sọ̀n (irú èérún tín-tìn-tín kan) inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹ ò tiẹ̀ ní forúkọ sílẹ̀.

Fáìlì mẹ́ta ni. PhaseSpaceSimulation (dátà àfarawé tí kọ̀ǹpútà ṣe) kéré, àmọ́ B2HHH_MagnetUp àti B2HHH_MagnetDown tóbi gan-an. Òru ni mo fi gbà wọ́n wọlé nígbà tí dátà dínwó. Iná lọ ní agogo mẹ́ta, ni mo bá tún un bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Laptop mi ti dàgbà, MagnetDown sì mú un mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n ó gbé e.

Abẹ́ ilẹ̀ ni LHCb wà, ní ààlà Faransé àti Switzerland, lára òpó roboto oníkìlómítà 27 tí prótọ́ọ̀nù ti ń kọlu ara wọn. B mẹ́sọ̀n tó bá jáde níbẹ̀ kì í pẹ́ láyé rárá. Kó tó rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó ti fọ́. Èyí tó fọ́ sí káọ́ọ̀nù (èérún míì tó fúyẹ́ jù ú lọ) mẹ́ta là ń wá. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì jẹ́ ìfọ́ kan, pẹ̀lú mòméńtọ́ọ̀mù àti charge èérún kọ̀ọ̀kan: H1_PX, H1_PY, H1_PZ, H1_Charge, bẹ́ẹ̀ náà ni ti H2 àti H3. Mo fi ProbK (bó ṣe ṣeé ṣe tó pé káọ́ọ̀nù ni) àti isMuon (bóyá múọ́ọ̀nù, ìbátan ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tó wúwo jù ú lọ, ni) jọ̀ ọ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì, mo ṣírò máàsì B láti ara èyí tó kù, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà ya á. Òkè kan yọ gàǹgà láàárín pàǹtí, ní nǹkan bíi 5,280 MeV (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn máàsì èérún). Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka nọ́ńbà yẹn nínú ìwé. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i.

B yìí oríṣi méjì ni, B+ àti B−, ọ̀kan jẹ́ àǹtí ìkejì rẹ̀. Táyé àti Kẹ́yìndé la sọ wọ́n ní kíláàsì. Bí ìdọ́gba mátà àti àǹtímátà bá pé, iye ìgbà tí Táyé ń fọ́ sí káọ́ọ̀nù mẹ́ta yẹ kó bá ti Kẹ́yìndé mu. Kò bá a mu. Nínú èsì tí LHCb tẹ̀ jáde ní 2013 láti ara dátà ọdún 2011, ìyàtọ̀ wọn tó nǹkan bíi 4 nínú 100, B+ ló sì pọ̀ jù. Tí ẹ bá wá pín in sí abala abala lórí àwòrán Dalitz (àwòrán tó ń fi bí èérún mẹ́ta náà ṣe pín agbára B hàn), abala kan wà níbẹ̀ tí ìyàtọ̀ náà ti ju 20 nínú 100 lọ!

Kobayashi àti Maskawa, onímọ̀ físíìsì méjì ará Japan, ti fi ìṣirò ṣàlàyé ní 1973 bí irú àìdọ́gba yìí ṣe lè wáyé. Nígbà tó di 2001, ẹgbẹ́ olùṣèwádìí BaBar ní Amẹ́ríkà àti Belle ní Japan rí i nínú B mẹ́sọ̀n, Kobayashi àti Maskawa sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Àmọ́ ìwọ̀nba tí ìṣirò wọn gbà kò tó láti sọ ìdí tí mátà fi kún ayé tí àǹtímátà sì pòórá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú B wò káàkiri: ibi tí àìdọ́gba bá ti kọjá ohun tí ìṣirò gbà, nǹkan tuntun lè wà lábẹ́ ibẹ̀.

Up àti Down yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Òòfà ńlá kan wà nínú LHCb tó ń tẹ ọ̀nà àwọn káọ́ọ̀nù: èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù yà sápá kan, nẹ́gẹ́tíìfù yà sí èkejì. Tí ẹ̀rọ apá òsì bá fi díẹ̀ ríran ju ti ọ̀tún lọ, ó máa dà bíi pé Táyé ló pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ló ń parọ́. Ni wọ́n ṣe máa ń yí òòfà náà padà látìgbàdégbà, tí wọ́n sì kó dátà ìhà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Nígbà tí a ka méjèèjì tán, iye tó jáde nínú Up kò bá ti Down mu. Ọmọbìnrin kan lórí ìjókòó iwájú ní, “Sà, èwo wá ni ká gbà gbọ́?” Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń tà. Mo bi í pé, tí kóńgò oníbàárà kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti ìyá rẹ ńkọ́? Ó ní wọ́n á fi kóńgò méjèèjì wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ó fa laptop mọ́ra, ó sì pa fáìlì méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ R_K fún wọn lọ́jọ́ náà. Ìdọ́gba míì nìyẹn: ṣé B ń fọ́ sí múọ́ọ̀nù bó ṣe ń fọ́ sí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù? Ní 2021, èsì LHCb ní múọ́ọ̀nù kéré jù, ariwo sì sọ. Ní December 2022, àwọn kan náà ló jáde sọ pé àwọn nǹkan míì ti ń fara wé ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù nínú ohun tí wọ́n kà, pé èsì tuntun ti bá ìṣirò mu. Ìgboyà yẹn wú mi lórí gidigidi.

Gẹ̀ẹ́sì ni àlàyé inú notebook náà, ó sì gba kí èèyàn mọ Python díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ wọn. Tí laptop yín ò bá gbé e, ẹ lè fi Binder (ìkànnì tó ń bá èèyàn gbé notebook ṣiṣẹ́) ṣe é nínú browser. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo PhaseSpaceSimulation: ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ìṣirò yín tọ̀nà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ojúlówó dátà. Píọ́ọ̀nù (èérún míì tó fúyẹ́ ju káọ́ọ̀nù lọ) náà wà nínú àwọn fáìlì B2HHH yẹn, òun la sì máa sẹ́ jáde ní táàmù tó ń bọ̀. Ọmọ ìjókòó iwájú yẹn ti ní òun lòun máa ka Down.