Ibi Ìgbafẹ́ Àtijọ́ L'Adó: Iyán Ṣì Dára, Ẹ̀rọ Ti Kú

Bí ẹ bá ń wá abẹ́ igi máńgòrò tí ẹ lè jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé, tí àwọn ọmọ á máa sáré kiri láìsí ìbẹ̀rù ọ̀kadà, ibi ìgbafẹ́ àtijọ́ tó wà ládùúgbò wa l'Adó ṣì dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí ẹ̀rọ ìṣeré ni, ẹ pa owó yín mọ́. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ń gbà ní géètì, ọmọdé ń san ìdajì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996 ni wọ́n ṣí i. Nígbà yẹn, bí táàmù bá ti parí, bọ́ọ̀sì iléèwé á tò láti géètì dé títì. Orí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbéni yí lókè ni mo ti dẹnu kọ ìyá àwọn ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe, ojú iṣẹ́ ni mo sì fi wo ibẹ̀. Fésì mẹ́ta, ìyẹn ọ̀nà iná mẹ́ta, ni mọ́tò kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn ń lò. Bí ọ̀kan bá já, tí wọ́n sì tan án, á kàn máa kùn ni, kò ní yí. Bí wọn ò bá tètè pa á, wáyà inú rẹ̀ á jóná. Ta ni kò mọ irú iná tí à ń lò níbí? Wọ́n ríwáyà rẹ̀, ó jó. Wọ́n tún un ṣe, ó tún jó. Ìgbà tó yá, wọ́n fi ṣéènì dè é. Ìtàkùn ti gun àwọn ìjókòó ìsàlẹ̀.

Mọ́tò akọlura, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣeré kọlu ara wọn, ló dùn mí jù. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fa iná lára àwọ̀n irin òkè, iná á sì gba irin ilẹ̀ padà. Ìdọ̀tí àti ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀. Ká ní wọ́n ń gbálẹ̀ ni, tí wọ́n ń fi sáńpépà ha irin yẹn, díẹ̀ nínú wọn á ṣì máa rìn. Àga ìnáwó ni wọ́n ń tò síbẹ̀ báyìí.

Dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu gbówó lórí ní 2022. Nígbà tí wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480, àwọn òbí gan-an ò rówó ọkọ̀ san.

Bouncing castle kan ló kù, I-better-pass-my-neighbour ló ń gbé fáànù rẹ̀. Ìyá oníyán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń rí èrò jù: iyán rẹ̀ ò ní kókó, ẹ̀fọ́ rẹ̀ ò sì lómi.

Àwọn ọmọ mi ní ká kúkú máa lọ Ìkógòsì. Wọn ò jẹ̀bi. Omi gbígbóná àti omi tútù tó ń pàdé níbẹ̀ ò béèrè fésì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba kan á tún ayíká rẹ̀ ṣe, òmíràn á pa á tì, omi ń ṣàn lọ.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ ti Adó, ẹ tètè dé kí agogo mẹ́wàá tó lù, kí àwọn tó wá ṣe ìgbéyàwó tó gba gbogbo abẹ́ igi. Ilé ìtọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ní omi.